Eré Tí A Jọ Ń Ṣe Nínú Ilé: Ta Ni Ó Ń Ṣọ́ Ẹ̀yìn Ọmọ Bàbá Rẹ?

Bismillahir-Rahmanir-Rahim.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ènìyàn, tí Ó sì fi ẹbí ṣe ibi ìsinmi fún un. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ganmo níhìn-ín kì í yé béèrè nígbà tí wáàsí bá parí, tí àwọn àgbà bá ti dìde lọ. Wọ́n á sún mọ́ni, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní: Àáfà, ṣé ó tọ́ kí ènìyàn jókòó pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, tàbí bàbá pẹ̀lú ọmọ, tàbí ọkọ pẹ̀lú aya, kí wọ́n jọ máa ṣe géèmù orí tẹlifíṣọ̀n? Àwọn kan yóò ti dáhùn kí ọmọ náà tó sọ̀rọ̀ tán, wọ́n á ní hàráàmù ni. Àwọn mìíràn á ní ayé ti lajú, kí oníkálukú máa ṣe bí ó ti wù ú. Ìdáhùn méjèèjì ló yá jù. Ẹ̀sìn wa kì í fi ìbínú sọ ohun ẹ̀tọ́ di èèwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi ìfẹ́-inú sọ èèwọ̀ di ẹ̀tọ́. Ẹ jẹ́ kí á fi sùúrù wo ọ̀rọ̀ náà.

IRÚ ERÉ TÍ À Ń SỌ

Oríṣi méjì ni eré géèmù tí ènìyàn méjì lè jọ ṣe. Èkíní ni èyí tí wọ́n fi ń bá ara wọn díje, bíi bọ́ọ̀lù tí ẹnì kan ń gbá sínú àwọ̀n ẹnì kejì. Èkejì ni èyí tí àwọn méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, tí wọ́n jọ ń bá ìṣòro kan jà. Bí ọ̀kan bá borí, àwọn méjèèjì ló borí; bí ọ̀kan bá ṣubú, ọwọ́ èkejì á rọ. Èyí èkejì yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí.

Kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1983 ni ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Japan gbé ẹ̀rọ Famicom jáde, páàdì méjì ló sì bá a wá, kí ènìyàn méjì lè jọ lò ó. Àwọn tí wọ́n fara wé e ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ní ọjà wa, àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí à ń ki káséètì bọ̀. Nínú àwọn eré tí ó wà nínú rẹ̀ ni Battle City, tí ilé-iṣẹ́ Namco ṣe ní ọdún 1985. Ọkọ̀ ogun méjì ni, tìrẹ àti ti ẹnì kejì rẹ. Ní ìsàlẹ̀ ni ilé kékeré kan wà tí wọ́n ya àwòrán ẹyẹ idì sí, bíríkì ni wọ́n fi yí i ká. Iṣẹ́ ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀tá wó ilé náà.

Ẹ kíyè sí òfin eré yìí, nítorí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó bá ń ronú. Bí ọkọ̀ ẹ̀yin méjèèjì tilẹ̀ wà láàyè, tí ìbọn bá ti ba ilé náà, eré ti parí. Bí o bá yìnbọn lu ọkọ̀ ẹnì kejì rẹ, kò ní lè rìn fún ìgbà díẹ̀, ọ̀tá á sì máa wọlé bọ̀. Èyí tí ó tún le jù ni pé ìbọn tìrẹ gan-an lè wó ilé tí ò ń ṣọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe ọ̀tá ló wó ilé ọ̀hún. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé ló kánjú tí ó yìnbọn síbi tí kò yẹ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Contra, tí ilé-iṣẹ́ Konami ṣe ní ọdún 1987, tí ó sì wọ inú àwọn ẹ̀rọ kékeré ní ọdún 1988. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí ènìyàn méjì jọ ń gun òkè níbi tí omi ti ń ya wálẹ̀. Bí ẹnì kan bá sáré gun òkè láìwo ẹ̀yìn, àwòrán á tẹ̀lé e lọ, ẹnì kejì tí ó wà nísàlẹ̀ á bọ́ kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n, á sì kú. Kì í ṣe ọ̀tá ló pa á. Ìkánjú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pa á.

ERÉ NÍNÚ ILÉ ÀNÁBÌ

Ìpìlẹ̀ kan wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn: gbogbo nǹkan ayé ló jẹ́ ẹ̀tọ́ títí ẹ̀rí yóò fi wá tí yóò kọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní eré kan jẹ́ hàráàmù, òun ni yóò mú ẹ̀rí wá. Tí a bá sì wo ilé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.), a kò rí ilé tí ojú ti ń le láti àárọ̀ dalẹ́.

Nánà Àíṣà (R.A.) sọ, gẹ́gẹ́ bí Abu Dawud ti gbà á wá, pé òun àti Ànábì sáré ìje nígbà kan nínú ìrìn-àjò, òun sì ya á sílẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́, tí ara òun ti sanra díẹ̀, wọ́n tún sá a, Ànábì sì borí, ó wá fi ẹ̀fẹ̀ sọ fún òun pé èyí ni ẹ̀san tòun ìjọsí. Nínú Bukhari, a rí i pé Nánà Àíṣà ní ọmọláńgidi tí ó fi ń ṣeré, Ànábì a sì máa rán àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ sí i kí wọ́n lè jọ ṣeré. Nínú Nasai, a rí i pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ gun ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ìforíkanlẹ̀ lórí ìrun, ó sì fi orí rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ títí tí ọmọ náà fi ṣe é tẹ́rùn. Inú Nasai kan náà ni hádíìsì wà tí ó ka eré tí ọkùnrin bá bá ará ilé rẹ̀ ṣe kúrò nínú àwọn eré asán.

Ẹ rántí Aqra ọmọ Habis. Ó rí i tí Ànábì ń fi ẹnu ko ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, ó ní òun bí ọmọ mẹ́wàá, òun kò sì fi ẹnu ko ọ̀kankan rí. Ó rò pé ọkùnrin ni òun fi bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ànábì dá a lóhùn pé ẹni tí kò bá ṣàánú, wọn kì í ṣàánú rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó di bàbá lọ́la, ẹ mú èyí lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ bàbá ní ilẹ̀ wa ń sanwó ilé ìwé, ó ń ra ẹran iléyá, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò rántí ọjọ́ kan tí àwọn jọ rẹ́rìn-ín.

ÀWỌN ỌBÀKAN YÚSÚFÙ ÀTI ỌMỌ ÌYÁ MÙSÁ

Ẹ jẹ́ kí á wá lọ sínú Àlùkùránì, nítorí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí wà.

Nínú Sùúrà Yúsúfù, àáyà kejìlá, àwọn ọbàkan Yúsúfù lọ bá bàbá wọn Yáqúbù (A.S.) pé kí ó jẹ́ kí Yúsúfù bá àwọn lọ sínú pápá, kí ó lè jẹun kí ó sì ṣeré, àwọn yóò ṣọ́ ọ. Ẹ wo èsì Yáqúbù. Ànábì Ọlọ́hun ni, kò sọ pé eré kò dára. Ohun tí ó sọ ni pé òun ń bẹ̀rù kí ìkookò má pa á jẹ nígbà tí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe eré ni ó ń bẹ̀rù. Àwọn tí yóò bá ọmọ náà ṣeré ni ó ń bẹ̀rù.

Nígbà tí wọ́n padà dé ní alẹ́ pẹ̀lú ẹkún irọ́, kí ni àwáwí wọn? Ó wà ní àáyà kẹtàdínlógún: wọ́n ní àwọn lọ sáré ìje, àwọn sì fi Yúsúfù sílẹ̀ nídìí ẹrù. Irọ́ ni wọ́n pa, ṣùgbọ́n ẹ wo irú irọ́ tí ó yá wọn lẹ́nu. Wọ́n mọ̀ pé bàbá lè gbà gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n lè gbàgbé àbúrò rẹ̀ nítorí ìje.

Ẹ wá wo ìdàkejì rẹ̀. Nígbà tí Ọlọ́hun rán Ànábì Mùsá (A.S.) sí Fir'auna, iṣẹ́ náà wúwo. Nínú Sùúrà Tọ́hà, láti àáyà kọkàndínlọ́gbọ̀n, Mùsá bẹ Ọlọ́hun pé kí Ó fún òun ní olùrànlọ́wọ́ láti inú ará ilé òun, Hárúnà ẹ̀gbọ́n òun, kí Ó fi í mú ẹ̀yìn òun le, kí Ó sì jẹ́ kí ó bá òun pín nínú iṣẹ́ náà. Nínú Sùúrà Al-Qasas, ó sọ ìdí rẹ̀ pé Hárúnà dá ṣáṣá lẹ́nu ju òun lọ. Ohun tí ọ̀kan kò ní wà lọ́wọ́ èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe máa ń sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè.

Ọlọ́hun dáhùn pé Òun yóò fi ọmọ ìyá rẹ̀ fún apá rẹ̀ lágbára. Ẹ tún kíyè sí ìdí tí Mùsá fi tọrọ rẹ̀: kí àwọn méjèèjì lè máa ṣe àfọ̀mọ́ Ọlọ́hun lọ́pọ̀lọpọ̀, kí wọ́n sì máa rántí Rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. A ó padà sí ibẹ̀ yìí láìpẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ eré yìí kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré ní ilẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a bí sí ilé tí ìyá ju ẹyọ kan lọ. Láti kékeré ni a ti ń kọ́ ọmọ pé lágbájá ni ọmọ ìyá rẹ, tàmẹ̀dò kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ. Oúnjẹ lọ́tọ̀, yàrá lọ́tọ̀, àṣírí lọ́tọ̀. Nígbà tí bàbá bá kú, tí ilẹ̀ di ohun pínpín, ni a óò rí ìkookò tí Yáqúbù ń bẹ̀rù.

Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ méjì rí ní ilé kéwú, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, ìyá wọn yàtọ̀. Wọn kì í jókòó lórí ẹní kan náà. Bí gègé ọ̀kan bá ṣẹ́, ó tọ́ sí i kí ó tọrọ lọ́wọ́ àlejò ju kí ó tọrọ lọ́wọ́ ọbàkan rẹ̀ lọ. Bàbá wọn ra ẹ̀rọ géèmù àlòkù kan tí ó ní páàdì méjì. Kò gbé e sí yàrá ìyá kankan, pálọ̀ tirẹ̀ ni ó gbé e sí. Òfin kan ṣoṣo ni ó ṣe: ẹnì kankan kò gbọdọ̀ dá a ṣe, ọmọ ìyá kan náà kò sì gbọdọ̀ jọ ṣe é, ọmọ ìyáálé àti ọmọ ìyàwó ni yóò jọ di páàdì mú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìjà ni, tí oníkálukú ń ní ìwọ lo jẹ́ kí á kú. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọ̀kan nínú wọn wá bá mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan pé kí n jọ̀wọ́ má bínú sí èkejì, pé ibà ló dá a dúró sílé. Géèmù kọ́ ni ó parí gbogbo rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ni ọbàkan òun ń ṣọ́, yóò ṣòro fún un láti jù ú sí kànga.

Àwọn onímọ̀ ayé náà wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí ní Brigham Young University, ní Amẹ́ríkà, tí Sarah Coyne ṣíwájú wọn, wo ìdílé 287 tí ó ní ọmọ ọdún 11 sí 16. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọbìnrin tí òbí wọn ń bá ṣe géèmù tí ó bá ọjọ́ orí wọn mu ní ìwà tí ó dára jù, ọ̀rọ̀ wọn sì wọ̀ mọ́ ti òbí wọn ju ti àwọn yòókù lọ. Wọn kò rí irú rẹ̀ lára àwọn ọmọkùnrin. Èyí kò sọ pé géèmù ló fún ọmọ ní ìwà. Ó lè jẹ́ pé ilé tí ìfẹ́ wà ni òbí ti máa ń ráyè jókòó. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó ta wá jí, nítorí ní ilé wa, àwọn ọmọkùnrin ni à ń fún ní páàdì, ilé ìdáná ni à ń lé ọmọbìnrin lọ.

ÀWỌN ÀÀLÀ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ KỌJÁ

Èkíní ni ìrun. Wọ́n bi Nánà Àíṣà pé kí ni Ànábì máa ń ṣe nínú ilé. Ó ní ó máa ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí àkókò ìrun bá ti tó, á jáde lọ kírun. Ìwọ̀n nìyẹn. Mùsá tọrọ ọmọ ìyá kí wọ́n lè jọ rántí Ọlọ́hun. Ìwọ àti ọmọ ìyá rẹ wá jókòó pa pọ̀ títí Àlàásárì fi kọjá, tí Màgáríbì sì fẹ́ lọ. Ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ náà dorí kodò. Ọmọ ìyá tòótọ́ ni ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbé páàdì sílẹ̀ nígbà tí ládánì bá pe ìrun, tí yóò sì fa èkejì dìde.

Èkejì ni tẹ́tẹ́. Gbogbo wa la mọ ilé géèmù àdúgbò, níbi tí àwọn ọmọ ti ń dáwó lé eré, tí ẹni tí ó bá borí á sì kó o. Tẹ́tẹ́ pọ́ńbélé ni, kò sí àlàyé mìíràn. Nínú Sùúrà Al-Maidah, àáyà 90 àti 91, Ọlọ́hun sọ pé ọ̀tá àti ìkórìíra ni èṣù fẹ́ fi tẹ́tẹ́ dá sílẹ̀ láàárín wa, kí ó sì dí wa lọ́wọ́ ìrántí Rẹ̀ àti ìrun. Ìwọ̀nba náírà márùn-ún tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá dá lé e nínú ilé, tẹ́tẹ́ ni òun náà. Bí ìwọ, bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n, kò bá bá àbúrò rẹ ṣeré nínú ilé, mọ̀ pé ẹlòmíràn ń dúró dè é níta.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ó wà nínú eré náà. Òmíràn wà tí ìhòòhò kún inú rẹ̀, òmíràn ń kọ́ni ní ìbọ òrìṣà àti idán, òmíràn sì ń sọ ìpànìyàn di ẹ̀rín. Kí àgbà kọ́kọ́ wò ó kí ó tó gbé e síwájú ọmọdé. Eré kan jáde ní ọdún 2021 tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ It Takes Two. Ilé-iṣẹ́ Hazelight ní Sweden ló ṣe é, Josef Fares tí a bí ní ilẹ̀ Lebanon ló sì darí rẹ̀. Ẹnì kan kò lè dá a ṣe rárá. Ìtàn tọkọtaya tí wọ́n fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀ ni, tí wọn kò lè rí ọ̀nà jáde àfi tí wọ́n bá ran ara wọn lọ́wọ́. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ dára, síbẹ̀ idán wà nínú ìtàn náà, bàbá àti ìyá ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀kẹrin ni àkókò. Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Ní ọdún 2019, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fọwọ́ sí ìwé orúkọ àìsàn tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022, wọ́n sì ka ìwà ìdẹkùn géèmù mọ́ àìsàn nínú rẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé ènìyàn kò lè dáwọ́ dúró mọ́, géèmù ṣíwájú ohun gbogbo, ó sì ń bá a lọ bí ó tilẹ̀ ń rí i pé ó ń ba ayé òun jẹ́. Ànábì sọ fún Hanzalah pé àkókò fún èyí, àkókò fún tọ̀hún. Ìbùdó ńlá tí iná mànàmáná ń gbà kọjá wà ní Ganmo níhìn-ín, síbẹ̀ a mọ bí iná ti ń ṣe sí wa. Tí iná bá dé, ìwé ni kí ó kọ́kọ́ gbà. Ẹni tí ó ń tan jẹnẹrétọ̀ nítorí géèmù, tí ìyá rẹ̀ kò sì rí owó lọ ẹ̀rọ ata, kò mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ mọ ẹni tí í ṣe ará ilé. Àbúrò rẹ obìnrin, ìyá rẹ, aya rẹ, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tí ìgbéyàwó tọ́ láàárín yín kì í ṣe ẹni tí ẹ ó jọ wà nínú yàrá ní ẹ̀yin nìkan, kí ẹ ní ẹbí ni yín.

Ẹ̀kẹfà ni ahọ́n. Bí a bá pàdánù, èébú ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀. Nígbà tí Mùsá bínú, tí ó di orí Hárúnà mú, Hárúnà kò bú u padà. Ó fi ìyá pè é, ó ní ọmọ ìyá mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn tu ọkàn, Mùsá sì tọrọ àforíjìn fún ara rẹ̀ àti fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

ÌKÁDÌÍ

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Islam, ìdáhùn ìbéèrè yín nìyí: ẹ̀tọ́ ni, tí ẹ kò bá kọjá ààlà wọ̀nyí. Tí èrò ọkàn yín bá sì jẹ́ láti so okùn ẹbí, a retí láádá níbẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, nítorí èrò ọkàn ni iṣẹ́ dúró lé. Tí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ, ayò wà, sísáré wà, lílọ sí oko wà. Ànábì Ìbúráhímà àti Ìsímáílà ọmọ rẹ̀ kò ní ẹ̀rọ kankan nígbà tí wọ́n jọ ń mọ Ká'bà, tí wọ́n ń gbé òkúta, tí wọ́n sì ń bẹ Ọlọ́hun kí Ó gbà á lọ́wọ́ àwọn. Ọlọ́hun pa á láṣẹ nínú Sùúrà Al-Maidah, àáyà kejì, pé kí á ran ara wa lọ́wọ́ lórí dáadáa àti ìbẹ̀rù Rẹ̀, kí á má ṣe ran ara wa lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀. Inú ilé ni ó yẹ kí ìrànlọ́wọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní alẹ́ òní, lẹ́yìn Ìṣáì, wo inú ilé yín. Ọmọ bàbá rẹ wo ni ẹ̀yin méjèèjì kò tíì bá ara yín rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ pípẹ́? Pè é. Má ṣe dúró di ọjọ́ ìpín ogún.

Kí Ọlọ́hun mú ẹ̀yìn wa le pẹ̀lú àwọn ọmọ ìyá wa àti ọbàkan wa. Kí Ó má ṣe sọ wá di ìkookò fún ara wa. Kí Ó jẹ́ kí á lè dárí ji ara wa gẹ́gẹ́ bí Yúsúfù ti dárí ji àwọn tirẹ̀, kí Ó sì jọ kó gbogbo wa wọ Al-jánnà. Àmín.